Ìfẹ́, Ikú àti Ẹwà Tí Kì Í Pẹ́: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Kirschblüten – Hanami Ti Doris Dörrie

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwọn tó máa ń pa òwe yìí sábà máa ń fi bá ẹni tó pa ènìyàn rẹ̀ tì láàyè wí, tí ó wá ń náwó nára nídìí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà tún ní ìtumọ̀ kan tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú ni ẹni tó ṣẹ́kù máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí ó ti ń bá gbé. Orí ìtumọ̀ kejì yìí ni fíìmù Kirschblüten – Hanami dá lé. Doris Dörrie, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ ìtàn náà, òun náà ni ó sì darí fíìmù rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, níbi àjọ̀dún fíìmù tó máa ń wáyé ní ìlú Berlin lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé náà, ní èdè Jámánì, túmọ̀ sí òdòdó igi ṣẹ́rì. Ọ̀rọ̀ kejì, ní èdè Jápàn, túmọ̀ sí wíwo òdòdó.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé fíìmù náà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní pàtàkì àwọn ohun inú rẹ̀ tí ẹni tí kò mọ àṣà Jápàn lè má tètè rí. Èrò tí yóò gbé kalẹ̀ ni pé ohun tó dunni jù nínú ìtàn yìí ni ìbéèrè tí ọkọ kò bi ìyàwó rẹ̀ títí ikú fi dé, àti pé aṣọ, oúnjẹ àti ijó ni fíìmù náà fi gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà nígbà tí ẹnu kò lè dáhùn rẹ̀ mọ́.

Olùdarí àti Ìpìlẹ̀ Ìtàn Náà

Ọdún 1955 ni wọ́n bí Doris Dörrie ní ìlú Hannover. Òǹkọ̀wé ni, olùdarí fíìmù sì ni pẹ̀lú. Helge Weindler, ọkọ rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán fíìmù tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1996 ni ọkùnrin yìí kú, nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu yíya fíìmù kan lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Sípéènì. Kò tọ́ kí onílámèyítọ́ sọ pé ìtàn ayé olùdarí ni ìtàn inú fíìmù rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé obìnrin yìí ti sin ọkọ rí yóò lóye ìdí tí kò fi sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ikú já sílẹ̀ di yẹ̀yẹ́, tí kò sì sọ ọ́ di ẹkún àsunjù.

Fíìmù kan láti ilẹ̀ Jápàn ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí. Tokyo Story ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yasujiro Ozu (1903–1963) ni ó darí rẹ̀, ọdún 1953 ni ó sì jáde. Nínú fíìmù Ozu, bàbá àti ìyá arúgbó kan gbéra láti ìlú Onomichi, wọ́n lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ dókítà, èkejì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun. Àwọn méjèèjì kò ráyè gbọ́ ti òbí. Noriko, ìyàwó ọmọkùnrin wọn tó bá ogun lọ, ni ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú wọn rìn yíká ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n padà sílé tí ìyá arúgbó fi kú.

Dörrie mú egungun ìtàn yìí, ó gbé e lọ sí Jámánì, ṣùgbọ́n kò dúró níbi tí Ozu dúró. Ibi tí Ozu ti fi bàbá arúgbó sílẹ̀ ní òun nìkan nínú ilé ni Dörrie ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì tirẹ̀. Ìbéèrè tí ó bi ara rẹ̀ ni pé: nígbà tí àwọn tó wá sin òkú bá ti tú ká, kí ni bàbá arúgbó yẹn yóò jí ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì?

Ìtàn Inú Fíìmù Náà Ní Ṣókí

Abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì ni Rudi àti Trudi Angermeier ń gbé. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kíkó ìdọ̀tí ni Rudi ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ni ó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Trudi ni ó ń di oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún un láàárọ̀, Trudi náà ni ó sì ń dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́. Rudi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tó kàn wà ni pé kò fẹ́ kí ohunkóhun yí padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, àwọn dókítà sọ fún Trudi nìkan pé àìsàn tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, àti pé ọjọ́ tó kù fún un láyé kò pọ̀. Wọ́n dábàá pé kí tọkọtaya náà jọ ṣe ohun kan tí wọn kò ṣe rí. Trudi kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ lọ sí Jápàn láti rí òkè Fuji àti òdòdó ṣẹ́rì, ṣùgbọ́n Rudi ni ó fẹ́ kí àwọn jọ rí i. Kò lè ro ó pé òun yóò dá nìkan wò ó. Karl, àbíkẹ́yìn wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo. Ṣùgbọ́n Rudi kì í fẹ́ rin ìrìn àjò. Nítorí náà, Berlin ni wọ́n lọ, níbi tí Klaus àti Karolin, àwọn ọmọ wọn méjì yòókù, ń gbé.

Ní Berlin, àwọn ọmọ kò mọ ohun tí wọn yóò fi òbí wọn ṣe. Franzi, obìnrin tí òun àti Karolin jọ ń fẹ́ra wọn, ni ó ráyè tì wọ́n. Òun ni ó mú Trudi lọ wo ijó Butoh, ijó kan tó wá láti Jápàn, omijé sì bọ́ lójú Trudi níbẹ̀. Láti Berlin, tọkọtaya náà lọ sí etí òkun Baltic. Ibẹ̀ ni Trudi sùn sí tí kò jí mọ́. Ẹni tí àwọn dókítà ní yóò kú ni ó ṣẹ́kù láyé; ẹni tó ń sunkún rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ni ó ti lọ.

Ẹnu Franzi ni Rudi ti gbọ́ pé ijó Butoh ni ìyàwó rẹ̀ ìbá fi ayé rẹ̀ jó, àti pé nítorí tirẹ̀ ni obìnrin náà ṣe pa ìfẹ́ yìí mọ́ inú. Ó gba gbogbo owó tí ó ní sí báńkì, ó sì wọkọ̀ òfurufú lọ bá Karl ní Tokyo. Abẹ́ kóòtù rẹ̀ ni ó wọ súwẹ́tà àti síkẹ́ẹ̀tì Trudi sí. Ní ọgbà ìtura kan tí òdòdó ṣẹ́rì ti tanná, ó pàdé Yu, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò nílé, tí ó ń jó Butoh pẹ̀lú tẹlifóònù aláwọ̀ pínkì kan lọ́wọ́. Ìyá Yu ti kú. Ìyá yìí ni ó ń fi tẹlifóònù náà bá sọ̀rọ̀. Yu kọ́ Rudi ní ijó. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ẹ̀bá òkè Fuji, ṣùgbọ́n ìkùukùu bo òkè náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àárẹ̀ sì ń mú Rudi sí i. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ìkùukùu ká, òkè náà sì yọ. Rudi wọ kímónò ìyàwó rẹ̀, ó fi àtíkè funfun kun ojú, ó sì bọ́ sí etí omi láti jó. Bí ó ti ń jó, Trudi yọ sí i, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ibẹ̀ ni Rudi kú sí.

Òdòdó Ṣẹ́rì àti Òkè Fuji

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí òdòdó ṣẹ́rì jẹ́ lójú àwọn ará Jápàn yóò rò pé ẹwà lásán ni olùdarí ń fi wá ojúure òǹwòran. Sakura ni wọ́n ń pe igi náà. Ní ìlú Tokyo, òpin oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni ó sábà máa ń tanná. Láti ìgbà tí òdòdó náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là títí yóò fi rẹ̀ dànù, kì í sábà ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí òjò tàbí ìjì bá dé, kì í tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn ènìyàn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a tẹ́ nǹkan sábẹ́ igi, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sì máa wo òdòdó náà bí ó ti ń já bọ́. Èyí ni hanami. Ní ayé àtijọ́, ní sáà Heian (794–1185), àwọn ọlọ́lá ààfin ni wọ́n ń ṣe é. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, nígbà tí Tokugawa Yoshimune wà lórí oyè, wọ́n gbin igi náà sí àwọn ibi tí mẹ̀kúnnù ti lè gbádùn rẹ̀.

Àwọn ará Jápàn ní gbólóhùn kan, mono no aware, tí ó ń tọ́ka sí bí ohun gbogbo ṣe máa ń kan ènìyàn lọ́kàn nítorí pé wọn kì í pẹ́. Motoori Norinaga (1730–1801) ni onímọ̀ tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ àlàyé gbólóhùn yìí jù. Lójú ẹni tó bá ní èrò yìí, àìpẹ́ òdòdó kò dín ẹwà rẹ̀ kù. Àìpẹ́ náà gan-an ni ó ń mú kí ènìyàn dúró wò ó. Bí sakura bá ń tanná láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kò sí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Dörrie gbé òkè Fuji sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó yìí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n fíìmù náà sì fara hàn jù. Òkè náà ga tó mítà 3,776. Kì í rẹ̀ dànù, kì í sì í lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n òun tó wà níbẹ̀ títí láé ni ojú kì í rí. Ìkùukùu a bò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Yu sọ fún Rudi pé òkè náà máa ń tijú. Ohun tí kì í pẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó ń wò ó. Ohun tó wà pẹ́, kò sẹ́ni tó ń rí i. Kò ṣòro fún òǹwòran láti rí i pé bí òkè Fuji ṣe rí ni Trudi rí sí ọkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó wà níbẹ̀, ìgbà tí kò sí mọ́ ni ọkọ rẹ̀ tó rí i.

Ijó Butoh: Ijó Òjìji

Ọdún 1959 ni Tatsumi Hijikata (1928–1986) gbé ijó tí wọ́n kà sí ìbẹ̀rẹ̀ Butoh jáde. Òun àti Kazuo Ohno (1906–2010) ni àwọn onímọ̀ ń pè ní olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá péré ni ó jẹ́ sí ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Ijó náà kò wá ẹwà tó ń dán. Àwọn oníjó a máa kun ara wọn ní funfun, wọn a tẹ̀, wọn a wó lulẹ̀, wọn a máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń jí lójú oorun tàbí bí ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Àgbà ara, ara aláìsàn, ara tó ń gbọ̀n, gbogbo wọn ni wọ́n lè jó Butoh.

Ní ọdún 1977, nígbà tí Ohno ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó wọ aṣọ obìnrin, ó sì jó ijó ìrántí La Argentina, oníjó kan tí ó rí lórí ìtàgé nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti kú láti ọdún 1936. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní rí aṣọ obìnrin tí Rudi wọ gẹ́gẹ́ bí àwàdà tàbí ìwà ìtìjú. Ara ìlànà ijó náà ni pé kí alààyè yá òkú ní ara rẹ̀. Tadashi Endo, oníjó Butoh ọmọ Jápàn tó ń gbé ní Jámánì, ni Trudi ń wò nígbà tí omijé bọ́ lójú rẹ̀ ní Berlin.

Ohun tí Yu kọ́ Rudi kò ṣòro láti lóye. Ó ní òjìji ni ó ń jó. Ènìyàn kò lè di òjìji mú, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọwọ́, òjìji náà yóò gbé ọwọ́. Ọkùnrin tí kò jó rí láyé rẹ̀ wá rí ohun kan tí ó lè ṣe fún òkú rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan.

Aṣọ, Oúnjẹ àti Ìrìn Àjò

Rudi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Nítorí náà, nǹkan ni ó fi ń ṣọ̀fọ̀. Ní iyàrá Karl ní Tokyo, ó se kábéèjì tí wọ́n fi wé ẹran lílọ̀, oúnjẹ tí Trudi máa ń sè. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó sì mọ adùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọbẹ̀ bàbá. Bí Rudi bá jáde sí ìgboro, ó máa ń so aṣọ pélébé mọ́ ojú ọ̀nà kí ó má baà sọnù. Nígbà tí ó dé ibi tí òdòdó ṣẹ́rì wà, ó ṣí kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ kí súwẹ́tà ìyàwó rẹ̀ lè fojú kan òdòdó náà. Ìran yìí lè pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu.

Olùkọ́ Yorùbá tó bá wo ìran yìí yóò rántí ẹ̀kú egúngún. Nínú èrò Yorùbá, aṣọ ni ará ọ̀run fi ń bá ará ayé pàdé. Bí kò bá sí ẹ̀kú, egúngún kò jáde. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìfiwé náà mọ níwọ̀n. Egúngún jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú. Ó ní awo, ó ní àkókò, ó ní orin, ó sì ní àwọn tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Rudi kò ní awo, kò ní ẹgbẹ́, kò sí ìlú tó ń dúró dè é. Òun nìkan ni ó ń rìn ní ìlú àjèjì pẹ̀lú aṣọ òkú lábẹ́ aṣọ tirẹ̀. Bí ìfiwé náà bá wúlò, ohun tí ó fi hàn ni bí ayé ṣe rí fún ẹni tí àwùjọ rẹ̀ kò pèsè ọ̀nà kankan fún un láti tún bá òkú rẹ̀ pàdé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó di dandan kí ó yá ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kò Sọ

Yorùbá ní inú ẹni ni orúkọ tí a fẹ́ sọ ọmọ ẹni ń gbé. Òwe náà yin ìpamọ́ra àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Fíìmù yìí fi ìhà kejì rẹ̀ hàn. Trudi fi àìsàn Rudi pa mọ́ fún un. Ó tún ti fi ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sọ ti àkọ́kọ́, Rudi kò mọ̀ pé àkókò kò sí. Nítorí pé kò sọ èkejì, Rudi kò mọ ohun tó yẹ kí ó fi àkókò tó kù ṣe.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, olùdarí kò gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé obìnrin lórí. Ìfẹ́ Trudi sí Jápàn kò fara pamọ́ pátápátá. Àwòrán òkè Fuji wà níbẹ̀, kímónò wà níbẹ̀, àwòrán tí ó yà nínú ìmúra Butoh sì wà níbẹ̀. Rudi ní ojú. Ohun tí kò ní ni ìwáríìdí. Ọmọ wọn wà ní Tokyo, ìnáwó ìrìn àjò kò sì ju agbára wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí owó tí Rudi padà gbà jáde ní báńkì ti fi hàn. Ohun gbogbo tí ó ṣe lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ni ó lè ṣe nígbà tí obìnrin náà wà láàyè. Èyí ni kókó ìtàn náà, òun ni kò sì jẹ́ kí adùn ìparí rẹ̀ di adùn pátápátá. Trudi kò rí òkè Fuji. Súwẹ́tà rẹ̀ ni ó rí i. Fíìmù náà kò tan òǹwòran jẹ lórí èyí: bí ijó etí omi ṣe lẹ́wà tó, ìgbèsè tí kò ṣeé san tán ni Rudi ń san.

Àwọn Ọmọ àti Alájọgbé

Yorùbá máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Klaus àti Karolin kò ní ọmú fún òkété. Síbẹ̀, Dörrie kò sọ wọ́n di ọ̀dájú. Iṣẹ́ ń lé wọn, ilé wọn kò fẹ̀, ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sì wà nílẹ̀ láàárín àwọn àti bàbá wọn tí wọn kò yanjú. Karl pàápàá, tí ìyá fẹ́ràn jù, kò mọ bí yóò ṣe gba bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ mọ́ra. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, bàbá a sì dá wà nínú iyàrá. Bí Noriko ti ṣe nínú fíìmù Ozu, ẹni tí kì í ṣe ọmọ inú ni ó ṣe ojúṣe ọmọ. Franzi ni ó rí Trudi, Yu ni ó rí Rudi. Alájọbí nìkan kọ́ ni ẹbí nínú ìtàn yìí.

Lẹ́yìn ikú Rudi, ohun tó jẹ àwọn ọmọ lógún ni bí wọ́n ṣe bá òkú bàbá wọn: aṣọ obìnrin lára, ọmọbìnrin kékeré ní ẹ̀gbẹ́. Ìtìjú ni wọ́n rí. Òǹwòran tó ti bá Rudi rìn láti abúlé dé etí omi mọ̀ pé ọjọ́ tí ó mọ ìyàwó rẹ̀ jù lọ ni ọjọ́ yẹn. Báyìí ni fíìmù náà ṣe padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ kò mọ bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn kò ti mọ ìyá wọn. Àìmọ̀ náà di ogún.

Àríwísí Díẹ̀

Fíìmù náà kò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù. Ayé Yu kò hàn tó. Ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó fẹ́ fún ara rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, àfi bí ẹni pé ìwòsàn Rudi ni wọ́n torí rẹ̀ dá a. Bákan náà, ilẹ̀ Jápàn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ibi tí ará Yúróòpù ti ń wá oògùn ìbànújẹ́ lọ. Ohun tó dín àbùkù yìí kù ni pé Dörrie tún fi àwọn ilé gogoro àti èrò yìn-ìn inú ìlú Tokyo hàn, Rudi sì sọnù sí àárín wọn bí ọmọdé. Èdè tí òun àti Yu fi ń sọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnìkan nínú wọn: èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń já ni, tí àwọn méjèèjì ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kiri. Àìgbédè yìí wúlò. Ní ilé rẹ̀, níbi tí Rudi ti gbọ́ èdè dáadáa, kò béèrè nǹkan kan. Ní Jápàn, níbi tí kò gbọ́ èdè, ó ń béèrè, ó sì ń tẹ́tí.

Ìwúlò Fíìmù Náà Fún Olùkọ́

Nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀ àfiwé, fíìmù yìí lè wúlò ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ó lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ya kókó ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ pé ìtàn ikú ni, ìtàn lásán ni ó rí. Kí olùkọ́ bi í pé ta ni ó kọ́kọ́ kú, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kú, kí sì ni ìyàtọ̀ náà fi kọ́ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àmì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè to òdòdó, òkè, súwẹ́tà, kábéèjì àti tẹlifóònù lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún, ìgbà tí ó kọ́kọ́ yọjú, àti ìgbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Iṣẹ́ yìí dára ju kí wọ́n kàn há ìtumọ̀ àmì sórí lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìfiwé pẹ̀lú iṣẹ́ Yorùbá. Ó Le Kú, ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997, dá lórí ìfẹ́ ọ̀dọ́: Àjàní wà láàárín obìnrin mẹ́ta, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ti Dörrie dá lórí ìfẹ́ àgbà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú ọ̀kan àti ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe nínú èkejì. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wo fíìmù náà tán kí ó tó lò ó, kí ó mọ àwọn ìran tí ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tíì tó wò.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé ìpìlẹ̀ fíìmù Kirschblüten – Hanami, àṣà tó wà lẹ́yìn òdòdó àti ijó inú rẹ̀, àti bí ìdákẹ́jẹ́ tọkọtaya kan ṣe di gbèsè lọ́rùn ẹni tó ṣẹ́kù. Elmar Wepper, tó ṣe Rudi, gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù lọ níbi ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Jámánì ti ọdún 2008. Hannelore Elsner, tó ṣe Trudi, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Wepper náà kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹni tó bá wo fíìmù náà lónìí, olóògbé méjì ni ó ń wò tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú létí omi.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn béèrè. Kí ọkọ bi ìyàwó, kí ọmọ bi ìyá, pé kí ni ó wà lọ́kàn rẹ tí o kò tíì ṣe? Òdòdó ṣẹ́rì a tún máa là lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí ìbéèrè náà tọ́ sí lè má sí nílé mọ́.